Àwọn Tó Ń Yẹ Ìwé Òfin Ìlú Wò ní Portland

Òfin ìpínlẹ̀ Oregon ní Amẹ́ríkà kò fàyè gba àròyé. Bí wọ́n bá fẹ́ bi àwọn ará ìlú ní ìbéèrè nínú ìwé ìdìbò, ìbéèrè náà kò gbọ́dọ̀ ju 20 ọ̀rọ̀ lọ, àlàyé abẹ́ rẹ̀ kò sì gbọ́dọ̀ kọjá 175. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2022, inú 20 ọ̀rọ̀ yẹn ni wọ́n há ètò ìjọba ìlú Portland mọ́ látòkè délẹ̀. Àbá 26-228 ni wọ́n ń pè é.

Ìwé òfin ìlú ló ń sọ iye kánsẹ́lọ̀ tí ìlú yóò ní, bí wọn yóò ṣe wọlé, àti ẹni tí yóò máa pàṣẹ fún òṣìṣẹ́. Kánsù kò lè dá a yí padà. Àfi kí olùdìbò fọwọ́ sí i. Láti ọdún 1913 títí di ìparí ọdún 2024 ni Portland fi lo ètò tí ìlú Galveston ní Texas dá sílẹ̀ ní 1901, lẹ́yìn tí ìjì líle ọdún 1900 pa ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn níbẹ̀. Nígbà náà, Mayor kan àti kọmíṣánnà mẹ́rin ló ń ṣòfin, àwọn náà ló tún ń ṣe ọ̀gá lórí iléeṣẹ́ ìjọba. Mayor lè fa iléeṣẹ́ omi lé kọmíṣánnà kan lọ́wọ́ lónìí, kó gbà á padà lọ́la, kó sì ní kó lọ máa bójú tó panápaná. Gbogbo ìlú ló sì ń dìbò yan ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, ìyẹn ni pé ẹni tí kò lówó ìpolongo ti jókòó sílé. Àwọn ará ìlà-oòrùn ìlú kì í sábà rí aládùúgbò wọn níbẹ̀, ó sì di ọdún 2018 kí obìnrin aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́, Jo Ann Hardesty, tó wọlé.

Ní 2002 àti 2007, wọ́n gbé àyípadà síwájú olùdìbò, olùdìbò kọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n lọ́dún 2007 kan náà ni wọ́n fọwọ́ sí nǹkan mìíràn tí kò fi bẹ́ẹ̀ pariwo: pé kí ìgbìmọ̀ ẹlẹ́ni 20 máa jókòó, ó pẹ́ tán lẹ́ẹ̀kan lọ́dún mẹ́wàá, láti tú ìwé òfin náà wò. Bí 15 nínú wọn bá fẹnu kò, àbá wọn yóò lọ tààrà sọ́dọ̀ olùdìbò, kánsù kò ní agbára láti dá a dúró. Èmi gbà pé ibẹ̀ gan-an ni agbára ìgbìmọ̀ yìí wà. Ta ni yóò fi ọwọ́ ara rẹ̀ gé agbára ara rẹ̀ kù? Ní 2022, 17 nínú 20 ló fọwọ́ sí Àbá 26-228.

Ìlú náà tún ní ẹgbẹ́ kan, City Club, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1916. Bí àbá bá jáde, ẹgbẹ́ náà á yan àwọn ọmọ ẹgbẹ́ tí ọ̀rọ̀ náà kò kan àpò wọn, wọ́n á fọ̀rọ̀ wá tọ̀tún-tòsì lẹ́nu wò, wọ́n á kọ ìwádìí wọn sílẹ̀, ẹgbẹ́ á sì dìbò lé e lórí. Ní 2019 ni ìwádìí wọn ti sọ pé kí Portland pa ètò 1913 tì. Irú iṣẹ́ báyìí ṣe pàtàkì níbẹ̀, torí ìwé àlàyé tí ìjọba ń fi ránṣẹ́ sílé olùdìbò kún fún ọ̀rọ̀ tí àwọn alátìlẹyìn àti alátakò sanwó fún, ìjọba kì í sì í yẹ òótọ́ inú rẹ̀ wò.

Àríyànjiyàn tó le jù ni pé nǹkan mẹ́ta ni wọ́n so pọ̀ nínú Àbá 26-228: kánsẹ́lọ̀ 12 láti ẹkùn mẹ́rin, mẹ́ta-mẹ́ta, alákòóso àgbà tí yóò máa darí iléeṣẹ́ ìjọba lábẹ́ Mayor, àti ìdìbò tí èèyàn yóò ti to olùdíje tẹ̀léra wọn, èyí tó wù ú jù lọ ṣáájú. Ẹgbẹ́ àwọn oníṣòwò gbé e lọ sílé ẹjọ́ pé kí wọ́n tú u sí wẹ́wẹ́. Adájọ́ kò gbà fún wọn. Ìgbìmọ̀ ní bí a bá yọ ọ̀kan, ìyókù yóò wó. Òótọ́ ni ti àwọn méjì àkọ́kọ́: bí o bá gba iléeṣẹ́ lọ́wọ́ kọmíṣánnà, ó di dandan kí ẹnì kan máa darí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀nà ìdìbò lè dá dúró gẹ́gẹ́ bí ìbéèrè tirẹ̀, mo sì gbà pé ó yẹ kí wọ́n fún ará ìlú láǹfààní láti dáhùn rẹ̀ lọ́tọ̀.

Nǹkan bí 58 nínú ọgọ́rùn-ún olùdìbò ló ní bẹ́ẹ̀ ni. Ní oṣù kọkànlá 2024, ẹni tó bá ti rí ìdá kan nínú mẹ́rin ìbò ẹkùn rẹ̀ àti díẹ̀ lé e ti wọlé, ìlà-oòrùn ìlú sì ní kánsẹ́lọ̀ mẹ́ta tirẹ̀. Ìṣòro yọjú ní ọjọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ fẹ́ yan olórí kánsù ní oṣù kìíní 2025. Mẹ́fà síhìn-ín, mẹ́fà sọ́hùn-ún. Wọ́n dìbò, wọ́n tún dìbò, kí wọ́n tó yan Elana Pirtle-Guiney, ọ̀kan lára wọn. Iye 12 yẹn wà nínú àbá látìbẹ̀rẹ̀, gbangba ló sì wà, ṣùgbọ́n ìjà lórí ọ̀nà ìdìbò gba gbogbo etí. Nígbà tí ìgbìmọ̀ mìíràn bá jókòó, iye 12 yẹn ló yẹ kó kọ́kọ́ wà lórí tábìlì wọn.