Bí a ṣe lè fi ìlédìí aláṣọ rọ́pò kúùṣì ọmọ

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ sọ lónìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìtìjú. Ọ̀rọ̀ ìdí ọmọ ni.

Ní ayé àwọn ìyá wa, àkísà ìró tó ti rọ̀ ni wọ́n ń fi di ìdí ọmọ. Ìlédìí ni à ń pè é. Lóde òní, kúùṣì ti dé ọjà Kétu, ó ti dé Ṣábẹ̀ẹ́, ó ti dé Àjàṣẹ́. Ó tilẹ̀ ti dé abúlé, níbi tí wọ́n ti ń tà á ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń ta ṣúgà oníhóró. A lò ó lẹ́ẹ̀kan, a sọ ọ́ nù. Ní 1961 ni ilé-iṣẹ́ Procter & Gamble bẹ̀rẹ̀ sí í ta Pampers ní Amẹ́ríkà. Orúkọ náà ti mọ́ àwọn ènìyàn lẹ́nu tó bẹ́ẹ̀ tí ọ̀pọ̀ fi ń pe gbogbo kúùṣì bẹ́ẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a ṣe ìṣirò díẹ̀. Ẹ mú bébà àti bíìrò. Ká ní ẹyọ kúùṣì kan jẹ́ 100 fráǹkì ní ọjà yín. Ká ní ẹ ń pààrọ̀ rẹ̀ ní ìgbà 5 lójúmọ́. 100 lọ́nà 5 jẹ́ 500 fráǹkì. Ní ọjọ́ 30, ó di 15.000 fráǹkì. Bí ọmọ bá lò ó fún oṣù 24, ó di 360.000 fráǹkì. Bí iye tí wọ́n ń tà á lọ́dọ̀ yín bá yàtọ̀, ẹ fi tiyín sí i, kí ẹ tún un ṣe. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023, 52.000 fráǹkì ni owó oṣù tí ó kéré jù lọ tí òfin gbà kí a san fún òṣìṣẹ́ ní Benin. Àgbẹ̀ tí kì í gba owó oṣù ńkọ́?

Èmi tí mo ń kọ ọ̀rọ̀ yìí náà ti jìn sí kòtò yìí. Nígbà tí mo bí ọmọ mi kejì, kúùṣì ni mo ń lò, nítorí pé mo fẹ́ ṣe bí àwọn ẹgbẹ́ mi. Nígbà tí owó kò tó mọ́, mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹyọ kan sí ọmọ nídìí láti àárọ̀ títí di ọ̀sán. Ìdí ọmọ pọ́n, ó bó, kò sì jẹ́ kí a sùn. Nígbà tí mo gbé e lọ sí ilé ìwòsàn, ìbéèrè kan ṣoṣo ni nọ́ọ̀sì bi mí: «Ẹ̀ẹ̀melòó ni ẹ ń pààrọ̀ rẹ̀ lójúmọ́?» N kò lè dáhùn.

Nítorí náà, n kò ní sọ fún yín pé kúùṣì burú fúnra rẹ̀. Ó ń fa omi mu dáadáa. Owó rẹ̀ ni ìṣòro. Ẹni tí ó ra ohun tí ó wọ́n kì í fẹ́ tètè sọ ọ́ nù. Ìtọ̀ àti ìgbẹ́ tí ó pẹ́ lára ọmọ ni ó ń bó ìdí rẹ̀, ìbáà jẹ́ nínú kúùṣì, ìbáà jẹ́ nínú aṣọ. Ẹni tí ó bá so ìlédìí aláṣọ, tí kò sì tètè tú u, kò ṣe nǹkan kan.

Ní kíláàsì wa, a fi abẹ la kúùṣì tuntun kan. Ìta rẹ̀ jẹ́ ọ̀rá. Inú rẹ̀ dà bí òwú, ṣùgbọ́n igi tí wọ́n lọ̀ kúnná ni. Láàárín rẹ̀ ni a ti rí ohun wínníwínní kan bí iyọ̀. A bu omi lé e. Kò pẹ́ tí ó fi wú, ó sì ń yọ̀ lọ́wọ́ bí ilá. Ìyá kan pariwo pé: «Ṣé ohun tí à ń so mọ́ ọmọ nídìí rè é?» Ohun náà kì í pa ọmọ lára bí ó bá wà nínú kúùṣì, ṣùgbọ́n bí kúùṣì bá ya, ẹ má jẹ́ kí ọmọ fi í sẹ́nu.

Níbo ni kúùṣì ń lọ lẹ́yìn tí a bá lò ó? Ọ̀rá rẹ̀ kì í jẹrà bí ewé. Bí ẹ bá rì í mọ́lẹ̀ lónìí, ọmọ tí ó lò ó lè di arúgbó kí ó sì bá a níbẹ̀. Bí ẹ bá sun ún, èéfín rẹ̀ ní májèlé. Bí ẹ bá jù ú sí ṣáláńgá, ihò yóò tètè kún. Àkìtàn ni ọ̀pọ̀ wa ń jù ú sí. Ajá a fà á ya, adìẹ a tú u wò, òjò a sì gbá ìgbẹ́ inú rẹ̀ lọ sí odò àti kànga. Àwọn kan gbà pé ìgbẹ́ ọmọ ọwọ́ kò ní àrùn nínú. Kò rí bẹ́ẹ̀. Kòkòrò tí ń fa ìgbẹ́ gbuuru wà nínú ìgbẹ́ ọmọ bí ó ti wà nínú ti àgbà.

Ó dára. Aṣọ wo ni kí a lò? Aṣọ òwú ni, nítorí pé òwú ń mu omi. Òwú kì í ṣe àjèjì sí wa. Benin wà lára àwọn tí ń gbìn ín jù lọ ní Áfíríkà. Ìró àtijọ́ tí a ti fọ̀ títí tí ó fi rọ̀ dára púpọ̀. Aṣọ tuntun kì í tètè mu omi. Ẹ kọ́kọ́ fọ̀ ọ́ ní ẹ̀ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta. Ẹ gé e ní igun mẹ́rin tí ó dọ́gba, bíi sẹ̀ǹtímítà 70 níbùú àti lóròó, kí ẹ ṣẹ́ etí rẹ̀. Ọmọ tuntun lè lo 10 lójúmọ́. Bí ẹ bá ní 24, ẹ lè máa fọ̀ ọ́ ní ọjọ́ méjì-méjì.

Láti so ó, ẹ ká aṣọ náà kí ó di igun mẹ́ta. Ẹ tẹ́ ẹ sílẹ̀, kí etí tí ó gùn wà lókè, ní ìbàdí ọmọ. Ẹ ká àkísà mìíràn ní tóóró, ẹ tẹ́ ẹ sí àárín. Òun ni yóò gba ìtọ̀. Ẹ gbé ọmọ lé e. Ẹ fa ṣóńṣó ìsàlẹ̀ gba àárín ẹsẹ̀ wá sí ikùn, kí ẹ sì mú etí méjèèjì wá bá a. Pínnì tí ó ní ìdérí ni kí ẹ fi dè é, kí ìka yín sì wà láàárín pínnì àti ara ọmọ. Bí ìwọ́ ọmọ kò bá tíì já, ẹ ká aṣọ sí ìsàlẹ̀ rẹ̀, kí ìtọ̀ má baà máa rin ín. Ẹ má ṣe fi àpò ọ̀rá wé e lórí. Ooru yóò mú ọmọ, ìdí rẹ̀ yóò sì bó.

Nísinsìnyí, ọ̀rọ̀ fífọ̀. Ẹ gbọn ìgbẹ́ sínú ṣáláńgá. Ẹ fi omi tútù ṣan aṣọ náà, kí ẹ sì da omi náà sí ṣáláńgá, kì í ṣe ẹ̀bá kànga. Ẹ fi ọṣẹ àti omi gbígbóná fọ̀ ọ́. Bí ọmọ bá ń ṣu gbuuru, ẹ sè é lórí iná. Lẹ́yìn èyí, ẹ fi omi mímọ́ ṣàn án ní ẹ̀ẹ̀mejì tàbí mẹ́ta, nítorí pé ọṣẹ tí ó kù lára aṣọ a máa yún ọmọ. Bákan náà ni omi Javel: bí ẹ bá lò ó, kí ó kéré, kí ẹ sì ṣàn án títí òórùn rẹ̀ yóò fi lọ. Ẹ fi ọṣẹ fọ ọwọ́ yín lẹ́yìn gbogbo rẹ̀.

Ibi tí a ń sá a sí ṣe pàtàkì. Eṣinṣin kan wà ní ilẹ̀ wa tí ó ń yé ẹyin sórí iyẹ̀pẹ̀ tí ìtọ̀ wà lára rẹ̀, àti sórí aṣọ tí kò gbẹ tán tí a sá sí abẹ́ ìbòòji. Bí ẹyin náà bá kan ara ọmọ, ìdin kékeré yóò wọ inú awọ rẹ̀. Ibẹ̀ yóò wú bí eéwo, pẹ̀lú ihò kékeré lórí. Nítorí náà, ẹ sá ìlédìí sórí okùn nínú oòrùn gangan, kì í ṣe sórí koríko tàbí ilẹ̀. Bí ẹ bá ní áyọ́ọ̀nù eléèédú, ẹ lọ̀ ọ́ níwájú àti lẹ́yìn. Iná a máa pa ẹyin náà. Bí irú eéwo bẹ́ẹ̀ bá yọ, ẹ má fi abẹ́rẹ́ tú u. Ẹ gbé ọmọ lọ sí ilé ìwòsàn.

Mo bẹ̀ yín, ẹ fara balẹ̀ ka èyí tí ó kàn yìí. Nígbà tí ọmọ bá dé, ìyá àgbà a máa ṣí àpótí, a kó ìró àtijọ́ jáde. Àpótí náà sábà máa ń ní kánfọ̀ funfun roboto nínú, èyí tí à ń fi lé aáyán, tí àwọn tí ó gbọ́ Faransé ń pè ní naphtaline. Àwọn ọmọ kan wà tí a bí pẹ̀lú ẹ̀jẹ̀ tí kò lè fara da òórùn yìí. Wọ́n pọ̀ láàárín wa, ó sì wọ́pọ̀ jù lára ọmọkùnrin. Ojú lásán kò lè dá wọn mọ̀. Bí a bá wé irú ọmọ bẹ́ẹ̀ nínú aṣọ náà, ẹ̀jẹ̀ ara rẹ̀ a bẹ̀rẹ̀ sí í túká. Funfun ojú rẹ̀ àti ara rẹ̀ a pọ́n bí inú ọsàn. Bí ó bá le, ó lè ba ọpọlọ ọmọ jẹ́, ó lè sọ ọ́ di adití, ó sì lè pa á. Ẹ má fi kánfọ̀ sí àpótí aṣọ ọmọ rárá. Ìró tí ó bá ti ń rùn kánfọ̀, ẹ má fi di ọmọ tuntun. Ẹ wá òmíràn. Bí ẹ bá rí i pé ojú ọmọ pọ́n, kò sí agbo tí ẹ óò kọ́kọ́ sè. Ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà. Mo mọ̀ pé kò rọrùn láti bá ìyá ọkọ sọ̀rọ̀ lórí aṣọ tí ó fi ìfẹ́ tọ́jú. Ẹ lè ka ojú ìwé yìí sí i létí.

Ohun kan wà tí aṣọ fi dára ju kúùṣì lọ: ó ń jẹ́ kí ẹ mọ̀ nígbà tí ọmọ bá tọ̀. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kìíní, ọmọ tí ó ń mu ọmú yó yẹ kí ó tọ̀ tó ìgbà 6 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ láàárín ọ̀sán àti òru. Bí aṣọ bá ń gbẹ títí, tí ìtọ̀ sì dúdú, omi ń tán lára ọmọ. Ẹ fún un lọ́mú léraléra, kí ẹ sì lọ rí agbẹ̀bí.

Bí ìdí ọmọ bá pọ́n, ẹ fi omi lásán wẹ̀ ẹ́, ẹ nù ún gbẹ jẹ́jẹ́, kí ẹ sì jẹ́ kí ìdí rẹ̀ wà ní ìhòòhò fún ìgbà díẹ̀ kí afẹ́fẹ́ fẹ́ ẹ. Ọmọbìnrin, láti iwájú lọ sí ẹ̀yìn ni kí ẹ máa nù ún. Bí kò bá sàn ní ọjọ́ mẹ́ta, tàbí tí ó ń yọ ọyún, tàbí tí ara ọmọ gbóná, ẹ lọ sí ilé ìwòsàn.

Ìlédìí ní wàhálà tirẹ̀, n kò ní purọ́. Ní ìgbà òjò, kò ní tètè gbẹ. Ní àgbègbè Kétu, níbi tí omi kànga ti jìn, obìnrin tí ó ru omi wálé kò ní fẹ́ dà á sórí ìlédìí. Nítorí náà, ẹ má fi ipá ṣe é lọ́jọ́ kan. Ní ọ̀sẹ̀ kìíní, ẹ lo aṣọ ní ọ̀sán nìkan, nígbà tí ẹ bá wà nílé. Ẹ fi kúùṣì sílẹ̀ fún òru, àti fún ọjọ́ tí ẹ bá ń wọ mọ́tò lọ sí Àjàṣẹ́. Bí ẹ bá ti jí, tàbí tí ọmọ bá ti mu ọmú tán, ẹ gbé e lé ẹsẹ̀ yín méjèèjì bí àwọn ìyá wa ti ń ṣe, kí ó ṣu síbẹ̀. Ìyẹn a máa dín ìlédìí kan tàbí méjì kù. Ní ilé tèmi, bàbá ọmọ ni ó ń pọnmi rẹ̀. Àwọn aládùúgbò kọ́kọ́ fi í rẹ́rìn-ín. Nígbà tí ó sọ iye tí a kò ná mọ́ fún wọn, méjì nínú wọn bèèrè bí a ṣe ń gé aṣọ náà.

Ọjọ́ tí ẹ bá sì lo kúùṣì, ẹ kọ́kọ́ da ìgbẹ́ inú rẹ̀ sí ṣáláńgá kí ẹ tó ká a. Ẹ gbẹ́ ihò kan tí ó jìnnà sí kànga fún un, kí ẹ sì máa bu erùpẹ̀ bò ó, kí ajá má baà tú u.