Ìdí Tí Ọjọ́ Fi Ń Yẹ̀ Nínú Kóòdù Ojú-òpó Íntánẹ́ẹ̀tì

Nínú JavaScript, èdè tí wọ́n fi ń kọ ọ̀pọ̀ nǹkan tó ń ṣiṣẹ́ lórí ojú-òpó íntánẹ́ẹ̀tì, ohun èlò tó ń jẹ́ Date kì í tọ́jú ọjọ́ bó ṣe wà lórí kàlẹ́ńdà. Àkókò tó ti kọjá láti ọ̀gànjọ́ òru tó bẹ̀rẹ̀ ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1970 ló ń kà, nípa pípín ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan sí ọ̀nà ẹgbẹ̀rún, UTC, aago tí gbogbo ayé fi ń ṣe òdiwọ̀n, ló sì fi ń kà á. Ibẹ̀ gan-an ni àṣìṣe ti ń wọlé, nítorí ìṣẹ́jú kan ṣoṣo lè bọ́ sí ọjọ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ní ìlú méjì.

Bí ènìyàn bá kọ ọjọ́ ìbí kan sílẹ̀ báyìí, "2000-10-01", láìfi wákàtí kún un, JavaScript yóò gbà pé agogo méjìlá òru UTC ni. Ní Èkó, tí aago rẹ̀ fi wákàtí kan ṣíwájú UTC, agogo kan òru ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kẹwàá ni kọ̀ǹpútà yóò fi hàn, ọjọ́ kò sì ní yẹ̀. Ṣùgbọ́n ní New York, agogo mẹ́jọ alẹ́ ọgbọ̀n ọjọ́ oṣù kẹsàn-án ni yóò jẹ́. Ẹni tó kọ kóòdù náà ní Èkó lè yẹ̀ ẹ́ wò títí kó má rí àléébù kankan, kí ẹ̀sùn sì máa wá láti Amẹ́ríkà. Kì í ṣe àìfarabalẹ̀ rẹ̀ ló fà á, ibi tó jókòó sí ló bo àṣìṣe náà mọ́lẹ̀. Èyí tó tún da ọ̀rọ̀ rú ni pé bó bá kọ wákàtí mọ́ ọn láìdárúkọ UTC, aago ìlú tí kọ̀ǹpútà wà ni JavaScript yóò tẹ̀lé.

Ìṣòro mìíràn wà fún àwọn orílẹ̀-èdè tó ń sún aago síwájú nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, èyí tí Nàìjíríà kì í ṣe. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n sún aago ní ọjọ́ 31 oṣù kẹta ọdún 2024, ọjọ́ náà sì jẹ́ wákàtí 23. Àlejò tó dé hòtẹ́ẹ̀lì ní London ní ọjọ́ 30, tó sì kúrò ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kẹrin, sun òru méjì. Ṣùgbọ́n kóòdù tó bá ka wákàtí láti ọ̀gànjọ́ dé ọ̀gànjọ́ yóò rí 47, bó bá sì pín in sí 24, tó fi Math.floor gé ìdá tó ṣẹ́kù dànù, owó òru kan péré ni yóò gbà. Ojútùú rẹ̀ ni kí wọ́n fi Date.UTC ṣe ọjọ́ méjèèjì kí wọ́n tó yọ ọ̀kan kúrò nínú èkejì, nítorí UTC kì í sún aago, gbogbo ọjọ́ ibẹ̀ sì pé wákàtí 24. Kí wọ́n sì rántí pé 0 ni oṣù kìn-ín-ní níbẹ̀, àṣà tí JavaScript jogún lọ́dọ̀ Java ní ọdún 1995.

Ẹni tó ń wá ibi tí àṣìṣe wà gbọdọ̀ fi toISOString, tó ń fi UTC hàn, àti toString, tó ń fi aago ìlú hàn, gbé déètì kan náà jáde, kó sì yí aago kọ̀ǹpútà rẹ̀ sí ti New York àti ti London kó tó gbà pé kóòdù náà ti dára. Temporal, tí àwọn tó ń bójú tó èdè náà ṣe láti rọ́pò Date, tí Firefox sì ti ń lò láti ọdún 2025, ya ọjọ́ sọ́tọ̀ kúrò lára wákàtí: PlainDate inú rẹ̀ mọ ọdún, oṣù àti ọjọ́ nìkan, kò sì mọ ìlú kankan, nítorí náà ọjọ́ ìbí tí wọ́n bá fi pamọ́ síbẹ̀ ní Èkó ni wọn yóò bá ní New York.