Ẹni Tí Ó Fẹ́ Rà Kọ́ Ló Yẹ Kó Díye Lé Ohun Àtijọ́

Ní ọdún 2021, tọkọtaya arúgbó kan ní ilẹ̀ Faransé ń palẹ̀ ẹrù mọ́ nínú ilé wọn kejì, ni wọ́n bá ta ìbòjú onígi kan fún oníṣòwò àlòkù ní 150 yúrò. Bàbá àgbà ọkọ ló mú un bọ̀ láti Áfíríkà, nígbà tó ṣe gómìnà níbẹ̀ lábẹ́ ìjọba amúnisìn. Ní oṣù Kẹta 2022, onígbàǹjo kan ní Montpellier lu òòlù lé ìbòjú kan náà ní mílíọ̀nù 4.2 yúrò. Inú ìwé ìròyìn ni tọkọtaya náà ti kà á. Wọ́n pe oníṣòwò lẹ́jọ́ nílùú Alès, ṣùgbọ́n ní oṣù Kejìlá 2023 ilé ẹjọ́ dá a láre: ẹni tó ni nǹkan ló yẹ kó wádìí iye rẹ̀ kó tó tà á.

Ìdájọ́ náà korò, àmọ́ ó kan gbogbo ìdílé tí ohun ìṣẹ̀ǹbáyé wà ní àjà ilé wọn. Ẹni tó fẹ́ ra nǹkan kọ́ la ń bi pé èló ni nǹkan náà tó. Bí owó tó san bá ṣe kéré tó ni èrè rẹ̀ ṣe máa pọ̀ tó, kò sì dìgbà tó bá jẹ́ olè kó tó rí bẹ́ẹ̀. Ti onígbàǹjo yàtọ̀. Òun kò ra ẹrù náà. Ó ń bá ẹlẹ́rù tà á ni, kọmíṣọ̀n rẹ̀ sì ń ga bí owó ṣe ń ga. Ọ̀pọ̀ ilé gbàǹjo ńlá ló máa ń wo fọ́tò tí a bá fi ránṣẹ́, tí wọ́n á sì fojú bu iye rẹ̀ láìgba kọ́bọ̀. Ohun tí ìdílé kan ní Texas ṣe nìyẹn: wọ́n wá orúkọ tí ayàwòrán kọ sára àwòrán ilé wọn lórí íntánẹ́ẹ̀tì, wọ́n kàn sí Sotheby's, iṣẹ́ Ben Enwonwu ọmọ Nàìjíríà ló já sí. Sotheby's fojú bù ú sí 100,000 sí 150,000 pọ́ùn; ní oṣù Kẹwàá 2019, ó tà ju mílíọ̀nù kan lọ.

Ẹnìkan lè ní àwọn adíyelé náà máa ń ṣì í. Òótọ́ ni. Kí ìbòjú yẹn tó dé Montpellier, ilé gbàǹjo méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ti díye lé e, owó tí wọ́n dá kò sì tó ẹgbẹ̀rún yúrò. Ilé kẹta ló ṣe iṣẹ́ tó yẹ: wọ́n fi ìwádìí carbon-14 wá ọjọ́ orí igi náà, wọ́n pe onímọ̀ nípa àṣà wá yẹ̀ ẹ́ wò, ó sì hàn pé ìbòjú Ngil ti àwọn Fang ilẹ̀ Gabon ni, láti ọ̀rúndún kọkàndínlógún, irú èyí tó ṣọ̀wọ́n gan-an láyé. Iye tí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ti tà rí ni adíyelé máa ń tẹ̀ lé. Bí irú rẹ̀ kì í bá jáde sọ́jà, ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ dá lórí aago àti àga kò ní rí ohun tó máa fi wé. Ẹ̀ka tó mọ irú iṣẹ́ ọnà bẹ́ẹ̀ gan-an ló yẹ ká gbé e lọ, ká sì gbọ́ ju ẹnu ẹyọ kan lọ. Ká kó rìsíìtì, lẹ́tà àtijọ́ àti fọ́tò rẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́ dání, kódà bébà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn férémù. Ká má sì fọ̀ ọ́ kó lè dán, torí ìyẹn lè bu iye rẹ̀ kù.

Àtakò tó lágbára jù ni ti owó. Ilé gbàǹjo ń gbà lọ́wọ́ ẹni tó ń tà, ó tún ń gbà lọ́wọ́ ẹni tó ń rà, èyí tó sábà máa ń súnmọ́ ìdá kan nínú mẹ́rin. Owó fọ́tò àti ti adójútòfò lè tẹ̀ lé e, bí ọjà náà kò bá sì tà, ojú tí àwọn olùrà fi ń wò ó á yí padà. Síbẹ̀, a lè dúnàá-dúrà kọmíṣọ̀n ká tó fọwọ́ síwèé, ká sì fìdí iye kan múlẹ̀ ní ìkọ̀kọ̀ tí ẹrù kò ní lọ bí owó kò bá dé ibẹ̀. Ní ti iye tí wọ́n fojú bù, wọ́n sábà máa ń jẹ́ kó rẹlẹ̀ kí àwọn olùdíje lè pọ̀. Ilé gbàǹjo Bonhams fojú bu "Tutu", àwòrán Adétútù Adémilúyì ọmọ ọba Ifẹ̀ tí Enwonwu yà ní 1974, sí 200,000 sí 300,000 pọ́ùn. Ní oṣù Kejì 2018 ó tà ní mílíọ̀nù 1.2. Ṣùgbọ́n lẹ́nu ọ̀nà ilé, ẹnìkan ṣoṣo ló ń ná ọjà. Kò sí ẹni tó máa fowó lé tirẹ̀.

Iye nìkan kọ́ ni ìwádìí nípa ohun àtijọ́ ń tú jáde; ó ń tú ẹni tó ni nǹkan náà jáde pẹ̀lú. Àwọn ọmọ Gabon dìde nínú gbọ̀ngàn Montpellier, wọ́n ní kí wọ́n dá ìbòjú náà padà sílé. Ní Nàìjíríà, òfin kò gba ẹnikẹ́ni láyè láti kó ohun ìṣẹ̀ǹbáyé jáde láìgba ìwé àṣẹ NCMM, àjọ ìjọba tó ń bójú tó ohun ìṣẹ̀ǹbáyé, ère tí wọ́n gbẹ́ ṣáájú 1918 sì wà lára wọn. Àjọ náà fúnra rẹ̀ tàbí aṣojú tó fọwọ́ sí nìkan ló sì lè rà wọ́n. Alágbàtà tó ń kiri ilé láti ra ère ìbejì àtijọ́ láìní ìwé àṣẹ ti rú òfin kó tó dárúkọ owó rárá. Ẹni tó jogún irú ère bẹ́ẹ̀ sí Lọ́ńdọ̀nù ńkọ́? Ọdún tó kúrò nílé àti ìwé tó gbé e jáde ni onígbàǹjo tó mọṣẹ́ yóò kọ́kọ́ béèrè. Bí kò bá sí ìdáhùn, ó yẹ kó kọ̀ ọ́, mo sì fara mọ́ ọn pé kó ṣe bẹ́ẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé owó ńlá ni ìdílé kan lè pàdánù.