Ibi Tí Jíà Ọtó Wà Kò Dọ́gba: Ẹ Wo Lẹ́tà Kí Ẹ Tó Sọ̀kalẹ̀

Àwọn àgbà ní ọ̀nà kan ò wọ ọjà. Bẹ́ẹ̀ náà ni jíà mọ́tò ọtó rí, èyí tí kò ní kílọ́ọ̀ṣì, tó ń pààrọ̀ jíà fúnra rẹ̀. Òun ló pọ̀ nínú tòkunbọ̀ tí àwọn ọmọ wa ń rà báyìí.

Ẹ wo Toyota Sienna tí wọ́n fi ń kó èrò àti ẹrù. Ti 1998 sí 2003, ara sítíárìn ni ọ̀pá jíà rẹ̀ wà. Ti 2004 tó tẹ̀lé e, wọ́n gbé e sí ara dáṣíbọ́ọ̀dù. Ti Camry, àárín ìjókòó méjèèjì níwájú ni. Àwọn ọkọ̀ tuntun míì, bọ́tìnì ni wọ́n ń tẹ̀.

Ṣùgbọ́n lẹ́tà kan náà ni: P, kó dúró gbọin, R, kó fẹ̀yìn rìn, N, kò sí nínú jíà, D, kó máa lọ. Ìdí wà tí N fi wà láàárín R àti D. Nígbà tí General Motors ti Amẹ́ríkà gbé ọtó Hydra-Matic jáde ní 1939, ẹ̀gbẹ́ jíà tó ń lọ síwájú jẹ́jẹ́ ni R wà. Bí ọwọ́ bá ṣìnà díẹ̀, ẹni tó fẹ́ lọ síwájú á fẹ̀yìn rìn. Láti 1968 ni òfin Amẹ́ríkà ti ní kí N máa là wọ́n láàárín.

Síbẹ̀, ewu ò tán. Ní 2016, Fiat Chrysler pe mọ́tò tó lé ní mílíọ̀nù kan padà fún àtúnṣe, Jeep Grand Cherokee ti 2014 àti 2015 wà nínú wọn. Ọ̀pá jíà wọn, bí ẹ bá ti fi í sílẹ̀, á padà sí àárín, ọwọ́ ò ní mọ̀ bóyá ó ti wọ P. Àwọn kan sọ̀kalẹ̀, mọ́tò bá yí lọ. Ní oṣù kẹfà ọdún náà, irú Jeep yìí yí lọ fún òṣèré fíìmù Anton Yelchin mọ́ òpó géètì rẹ̀ ní Los Angeles. Ọmọ ọdún 27 ni, ó kú.

Ní ọjà tiwa ńkọ́? Dẹ́rẹ́bà á sọ̀kalẹ̀ já gàrí, ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́, ìsọ̀ àti ọmọdé wà níwájú. Irin kékeré bí eyín ló ń há jíà nínú P. Ẹ má dá ẹrù ọkọ̀ kù fún un lórí òkè.

Nítorí náà: ẹ tẹ bíréèkì mọ́lẹ̀, ẹ fa hándì bíréèkì, ẹ fi sí P, ẹ fi ojú rí lẹ́tà P níwájú yín, ẹ pa ẹ́ńjìnnì, ẹ yọ kọ́kọ́rọ́. Ẹ sọ ọ́ fún dẹ́rẹ́bà yín, kó má tijú. Gàrí tó dànù, a ó tún rà á. Ẹ̀mí ò ní ìsọ̀ tí a ti ń rà á.