Ìràwọ̀ Tó Ń Gbiná Tí Kì Í Kú

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́, ìràwọ̀ kan wà tó máa ń gbiná lójijì, síbẹ̀ kì í kú. RS Ophiuchi lorúkọ rẹ̀. Ìràwọ̀ méjì ló ń yí ara wọn po. Kékeré ń fa gáàsì ara ńlá. Tí gáàsì bá pọ̀ jù lórí rẹ̀, gbàmù!

Ó gbiná ní 2006, ó tún gbiná ní August 2021. Àwọn tó kàn fẹ́ràn ìràwọ̀ ló kọ́kọ́ rí i, kì í ṣe ọ̀jọ̀gbọ́n. Àwọn ẹgbẹ́ wọn fi ẹ̀rọ kékeré tú ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ sí àwọ̀ bí òṣùmàrè. Ìlà pupa háídírójìn fẹ̀ gan-an. Bí gáàsì bá ṣe ń sáré tó ni ìlà yẹn ń fẹ̀ tó: ó ju kìlómítà 2,000 lọ ní ìṣẹ́jú àáyá kan!

Awò ńlá àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n ò lè ṣọ́ ìràwọ̀ kan ṣoṣo lálaalẹ́. Tí ẹnikẹ́ni ò bá ṣọ́ ọ, alẹ́ àkọ́kọ́ lọ nìyẹn, ó di ọ̀pọ̀ ọdún.