Wáyà Nípọn, Ojú Kò Rí I

Lórí ọparun ni ìjà náà ti wáyé. Chow Yun-fat wà ní téńté ọparun kan, Zhang Ziyi wà lórí òmíràn, idà lọ́wọ́ àwọn méjèèjì. Bí ọparun ṣe ń fì ni àwọn náà ń fì. Fíìmù Crouching Tiger, Hidden Dragon ni, èyí tí Ang Lee darí, tó jáde ní ọdún 2000. Àwa tí a ti ń gbọ́ ìtàn egbé láti kékeré, kò ṣòro fún wa láti gbà pé ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe lè rìn lórí ewé. Wáyà ni egbé tiwọn. Kérénì ló gbé wọn sókè nínú igbó ọparun Anji lórílẹ̀-èdè Ṣáínà, kámẹ́rà sì ká òṣèré àti wáyà pọ̀. Ẹ̀yìn tí wọ́n yà á tán ni àwọn oníkọ̀ǹpútà jókòó, tí wọ́n pa wáyà rẹ́, tí wọ́n sì fi òṣèré sílẹ̀ lójú afẹ́fẹ́.

Kí kọ̀ǹpútà tó dé, wọ́n kàn ń fi wáyà pamọ́ ni. Wọ́n á wá èyí tó tín-ín-rín, irú ti inú dùùrù, wọ́n á kùn ún kí àwọ̀ rẹ̀ lè bá ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀ mu, wọ́n á gbé iná kúrò níbi tó ti lè mú kó dán. Nígbà mìíràn wọ́n á da èéfín bo gbogbo ibẹ̀. Ìyẹn tó fún ọmọlángidi tàbí ọkọ̀ òfuurufú ìṣeré. Tó bá wá kan ènìyàn, ẹ̀rù ń bẹ níbẹ̀, torí wáyà tí ojú kò rí náà ni wáyà tó tètè ń já.

Kọ̀ǹpútà ló tú wọn sílẹ̀. Ilé-iṣẹ́ Industrial Light & Magic ní Amẹ́ríkà wà lára àwọn tó kọ́kọ́ dán an wò: wọ́n fi kọ̀ǹpútà pa wáyà rẹ́ nínú Howard the Duck ní 1986, wọ́n tún ṣe é nínú Back to the Future Part II ní 1989, níbi tí Michael J. Fox ti gun pátákó kan tí kò fara kan ilẹ̀. Ohun tó wú mi lórí jù níbẹ̀ ni pé wáyà wá lè nípọn. Ìwúwo òṣèré nìkan ló kù tó ń bá jà. Ojú òǹwòran ti kúrò nínú ẹrù rẹ̀.

Báwo ni wọ́n ṣe ń ṣe é? Àwòrán 24 ló wà nínú ìṣẹ́jú-àáyá kan fíìmù. Ìjà ìṣẹ́jú-àáyá 10 di àwòrán 240, wáyà sì wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Bó bá jẹ́ ojú ọ̀run lásán ló wà lẹ́yìn wáyà, iṣẹ́ ti rọrùn: àwọ̀ apá ọ̀tún àti ti òsì kò yàtọ̀ síra, wọ́n á fà á bò ó bí ẹni fa erùpẹ̀ bo ojú kòtò. Bó bá jẹ́ ewé, àfi kí wọ́n mọ ohun tí wáyà bò gan-an. Ìdí nìyí tí àwọn tó mọṣẹ́ fi máa ń ya ibẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i láìsí òṣèré, láìsí wáyà, kí wọ́n lè rí ibi tí wọ́n á ti gé àbùlẹ̀. Bí àyè ìyẹn kò bá sí, wọ́n á yẹ àwòrán tó ṣíwájú tàbí èyí tó tẹ̀lé e wò: wáyà ń rìn, ibi tó bò nísinsìnyí lè ti hàn kó tó débẹ̀. Kọ̀ǹpútà á wá máa tọpa bí kámẹ́rà ṣe ń yí, kí àbùlẹ̀ lè máa yí tẹ̀lé e.

Ibi tó le ni ibi tí wáyà ti kọjá lójú, lórí irun, tàbí lára aṣọ tó ń fẹ́ lẹ́lẹ́. Ọwọ́ ènìyàn ló ń ṣe ìyẹn, àwòrán kan lẹ́yìn òmíràn. Bí àbùlẹ̀ inú àwòrán kan kò bá bá ti èkejì dọ́gba, ibẹ̀ á máa hó lójú òǹwòran bí omi orí iná. Fíìmù tún ní hóró wínníwínní tó ń jó lójú rẹ̀. Àbùlẹ̀ tí kò bá ní in á mọ́ jù, bí aṣọ tuntun tí a fi lẹ ògbólógbòó bùbá. Òjìji wáyà náà gbọ́dọ̀ lọ. Bí ẹ bá sì fẹ́ mú àwọn oníkọ̀ǹpútà wọ̀nyí níbi tí wọ́n ti ṣàṣìṣe, ìbàdí òṣèré tó ń fò ni kí ẹ máa wò: ibi tí bẹ́líìtì abẹ́ aṣọ bá ti fa aṣọ ṣóńṣó sókè, wọ́n gbàgbé ibẹ̀ nìyẹn. Púpọ̀ nínú iṣẹ́ yìí ló ti lọ sí Íńdíà báyìí, kọ̀ǹpútà tó ń dá kẹ́kọ̀ọ́ sì ti ń ṣe èyí tó rọrùn nínú rẹ̀.

Fíìmù àtijọ́ ló ń dá àríyànjiyàn sílẹ̀. Nínú The War of the Worlds tí Byron Haskin darí, tó jáde ní 1953, wáyà ni wọ́n fi so ẹ̀rọ ogun àwọn ará Mars rọ̀, wọ́n sì gba Oscar fún iṣẹ́ ọwọ́ wọn. Nínú ẹ̀dà Technicolor ayé ọjọ́un, wáyà wọnú òkùnkùn lọ. Nígbà tí wọ́n wá gbé e sórí fíìmù tuntun, tó tún di DVD tó mọ́lẹ̀ kedere, wáyà yọ bí okùn tí a ń sá aṣọ sí, àwọn tí kò mọ bó ṣe rí tẹ́lẹ̀ sì rò pé iṣẹ́ àwọn baba wọ̀nyí kò pójú owó. Nígbà tí Paramount tún fíìmù náà ṣe ní 2018, wọ́n pa wáyà rẹ́. Àwọn kan lè pè é ní fífọwọ́ ba ìtàn jẹ́. Èmi kò rí i bẹ́ẹ̀, torí wáyà yẹn kò fi bẹ́ẹ̀ hàn sí ẹni tó sanwó wọ sinimá ní 1953. Ká ní ó hàn sí i ni, ǹ bá ní kí wọ́n fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.