Àyẹ̀wò Nígbà Oyún: Ọ̀rọ̀ fún Ìyá tí Ó Ní Àìlera àti fún Agbẹ̀bí

Oyún kì í ṣe àìsàn. Ṣùgbọ́n àìsàn lè ti wà lára obìnrin kí ó tó lóyún, òmíràn sì lè bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn tí oyún bá ti dé. Nínú àwọn àìsàn wọ̀nyí, èyí tí ó yẹ kí a bẹ̀rù jù ni èyí tí kì í dun ènìyàn. Ìyá á máa jẹun, á máa ta ọjà rẹ̀, á máa sùn dáadáa, kò sì ní mọ̀ pé nǹkan ń bàjẹ́ nínú ara òun. Ìdí nìyí tí a fi ń yẹ ẹ̀jẹ̀ àti ìtọ̀ aboyún wò.

A mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ìyá ni ó ń bẹ̀rù àyẹ̀wò. Àwọn kan ń bẹ̀rù abẹ́rẹ́. Àwọn mìíràn ń bẹ̀rù ohun tí ọkọ tàbí ìyá ọkọ yóò sọ nígbà tí èsì bá jáde. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà ní àìsàn là á wò, a kì í wo ikú. A kò sì lè wo àìsàn tí a kò mọ̀.

Ẹ̀jẹ̀ mélòó ni a ń fà?

Ẹ̀jẹ̀ tí a ń fà ní ọjọ́ àkọ́kọ́ kò ju ṣíbí tíì méjì tàbí mẹ́ta lọ. Bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀jẹ̀ tí ó wà nínú ara àgbàlagbà obìnrin tó lítà 4 sí 5, oyún sì tún máa ń mú kí ó pọ̀ sí i ju lítà 1 lọ. Ara yóò dá ìwọ̀nba tí a fà padà láìpẹ́. A kì í tà á, a kì í sì í fi í ṣe ohun mìíràn. Ilé àyẹ̀wò ni ó ń lọ, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti ń mọ bí ẹ̀jẹ̀ ti tó, irú ẹ̀jẹ̀ tí ìyá ní, àti àrùn tí ó bá wà nínú rẹ̀.

Ìgbà wo ni kí ẹ wá?

Ẹ wá kí oyún tó pé oṣù mẹ́ta. Láti ọdún 2016 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ti gbà wá níyànjú pé kí aboyún rí òṣìṣẹ́ ìlera ó kéré tán ní ìgbà 8 kí ó tó bímọ. Ìyá tí ó ní àìlera lè wá jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ẹ bá ti ń lo oògùn kan tẹ́lẹ̀, ẹ kó gbogbo rẹ̀ wá nínú àpò, àti àgbo pẹ̀lú. Ẹ má ṣe dá oògùn dúró fúnra yín nítorí pé ẹ lóyún, ẹ má sì ṣe dákẹ́ máa lò ó lọ. Ẹ jẹ́ kí dókítà wò ó ní kíá.

Ẹ̀jẹ̀ ríru

Ẹ jẹ́ kí a fi ìyá kan ṣe àpẹẹrẹ, irú èyí tí a máa ń rí. Ó ń ta aṣọ ní ọjà, oyún rẹ̀ ti pé ọ̀sẹ̀ 34. Ẹsẹ̀ rẹ̀ wú, ojú rẹ̀ náà sì wú díẹ̀. Àwọn ará ọjà ní ọmọkùnrin ni yóò bí ni ó ṣe wú. Nígbà tí ó dé ọ̀dọ̀ wa, ìfúnpá rẹ̀ jẹ́ 150 lórí 100, a sì rí purotéènì nínú ìtọ̀ rẹ̀. Ó ní kò sí ohun tí ó ń ṣe òun, pé kí a jẹ́ kí òun ná ọjà ọ̀la tán kí òun tó padà wá. Bí ìyá bẹ́ẹ̀ bá lọ sí ọjà, gìrì lè mú un níbẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú. Bí ó bá dúró, a ó fún un ní oògùn, a ó máa ṣọ́ òun àti ọmọ, dókítà yóò sì pinnu ọjọ́ tí ó yẹ kí ó bímọ. Àyẹ̀wò ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni ó fi ọ̀nà méjèèjì hàn án.

Ìfúnpá tí ó bá tó 140 lórí 90 tàbí tí ó jù bẹ́ẹ̀ lọ ti ga jù fún aboyún. Bí ó bá ga lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 20, tí purotéènì sì wà nínú ìtọ̀, ó jẹ́ àmì pé àrùn tí ó máa ń fa gìrì aboyún ti ń bọ̀. Ìdí nìyí tí a fi ń béèrè ìtọ̀ ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá wá. Ẹ má rò pé ìyọnu lásán ni.

Ìyá tí ó ti ní ẹ̀jẹ̀ ríru kí ó tó lóyún lè bímọ láyọ̀. Ṣùgbọ́n àwọn oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru kan, bíi lisinopril àti enalapril, máa ń ṣe ọmọ inú ní jàǹbá. Dókítà yóò fi òmíràn tí ó dára fún oyún, bíi methyldopa tàbí nifedipine, rọ́pò wọn. Ó tún lè ní kí ẹ máa lo asipirín kékeré lójoojúmọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ oyún, kí àrùn yìí má baà tètè yọjú. Dókítà nìkan ni ó gbọdọ̀ pàṣẹ rẹ̀. Ẹ má ṣe lọ rà á fúnra yín.

Àìtó ẹ̀jẹ̀ àti ibà

Bí ẹ̀jẹ̀ bá kéré, òòyì á máa kọ́ ìyá, àyà rẹ̀ á máa já, kò sì ní lè gòkè láìmí gúlegúle. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ni kì í mọ̀ rárá. Èsì ilé àyẹ̀wò tí a ń pè ní PCV yẹ kí ó tó 33 nínú ọgọ́rùn-ún. Bí ó bá kéré sí èyí, a ó wá ohun tí ó fà á: bóyá oúnjẹ ni, tàbí aràn, tàbí ibà, tàbí irú ẹ̀jẹ̀ tí a bí mọ́ ìyá. Ìyá tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kéré kò lè fara da ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ tí ó bá dà nù ní ọjọ́ ìkúnlẹ̀. Níbẹ̀ ni ewu wà.

Nítorí náà, ẹ máa lo oògùn ẹ̀jẹ̀ tí a fún yín lójoojúmọ́. Ìgbẹ́ yín lè dúdú. Kò sí ewu níbẹ̀. Bí ó bá ń rìn yín nínú, ẹ lò ó lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́. Ẹ má fi tíì gbé e mì, nítorí tíì kì í jẹ́ kí ara gba agbára rẹ̀. Ẹ máa jẹ ẹ̀fọ́, ẹ̀wà, ẹja, ẹyin àti ẹran bí agbára yín bá ti mọ, kí ẹ sì fi ọsàn tẹ̀lé e.

Ibà lè fara pamọ́ sí ibi ọmọ láìjẹ́ pé ara ìyá gbóná. Láti oṣù kẹrin ni a ó ti máa fún yín ní oògùn ibà tí a ń pè ní SP, ó kéré tán ìgbà mẹ́ta kí ẹ tó bímọ, oṣù kan láàárín ọ̀kan àti èkejì. Níwájú nọ́ọ̀sì ni kí ẹ ti lò ó. Ìyá tí ó bá ń lo oògùn cotrimoxazole kò gbọdọ̀ lo SP pẹ̀lú rẹ̀. Kí gbogbo yín sì máa sùn nínú àpò ẹ̀fọn olóògùn.

Jẹ́nótáìpù àti irú ẹ̀jẹ̀

Láyé àtijọ́, bí ọmọ bá ń kú léraléra, àbíkú ni à ń pè wọ́n. Lónìí, a mọ̀ pé ó ṣeé ṣe kí púpọ̀ nínú wọn jẹ́ ọmọ tí ó ní àrùn fòníkú-fọ̀ladìde. Ní orílẹ̀-èdè wa, bí ènìyàn kan nínú mẹ́rin ni ó jẹ́ AS. AS kì í ṣe àìsàn. Ṣùgbọ́n bí ìyá àti bàbá bá jọ jẹ́ AS, nínú oyún kọ̀ọ̀kan, ipa kan nínú mẹ́rin ni pé ọmọ lè jẹ́ SS. Ẹ fi etí sí èyí dáadáa: oyún kọ̀ọ̀kan ni a wí. Kì í ṣe pé bí ẹ bá ti bí ọ̀kan tí ó jẹ́ SS, mẹ́ta tí ó kù ti bọ́. Bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ẹ̀bi ìyá nìkan. Ọ̀dọ̀ òbí méjèèjì ni ó ti ń wá.

Ìyá tí òun fúnra rẹ̀ jẹ́ SS tàbí SC lè lóyún, ó sì lè bí ọmọ tí ó le koko. Ohun tí kò yẹ ni kí ó bí i sí ilé. Ilé ìwòsàn ńlá tí dókítà àti ẹ̀jẹ̀ wà ni ibi tirẹ̀. Kí ó máa mu omi púpọ̀, kí ó yẹra fún òtútù àti iṣẹ́ àṣekúdórógbó, kí ó sì tètè wá bí ibà tàbí eegun-dídùn bá bẹ̀rẹ̀. Bí ó bá ń lo hydroxyurea, kí ó ti sọ fún dókítà kí ó tó lóyún rárá.

Bí èsì bá sọ pé ẹ̀jẹ̀ yín jẹ́ Rhesus negative, ẹ má fòyà. Abẹ́rẹ́ kan wà tí a ń fún ìyá nínú oyún, tí a sì ń tún fún un láàárín wákàtí 72 lẹ́yìn ìbí bí ọmọ bá jẹ́ positive, kí oyún tí ń bọ̀ lẹ́yìn má baà bàjẹ́. Ẹ béèrè fún un.

Àtọ̀gbẹ

Oyún fúnra rẹ̀ lè mú kí ṣúgà pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀. Ọmọ lè tóbi jù, ó lè kú sínú, tàbí kí ṣúgà ara rẹ̀ lọ sílẹ̀ lẹ́yìn ìbí. Láàárín ọ̀sẹ̀ 24 sí 28 ni a sábà máa ń ṣe àyẹ̀wò rẹ̀. Ẹ ó wá ní òwúrọ̀ láìjẹun. A ó fa ẹ̀jẹ̀, a ó fún yín ní omi glucose mu, a ó sì tún fa ẹ̀jẹ̀ lẹ́yìn wákàtí kan àti lẹ́yìn wákàtí méjì. Ẹ mú ẹni kan dání, kí ẹ sì gbé oúnjẹ tí ẹ ó jẹ lẹ́yìn rẹ̀ lọ́wọ́.

Ìyá tí ó ní àtọ̀gbẹ kò ní fi ebi pa ara rẹ̀. Kí ó dín òkèlè kù, kí ó fi ẹ̀fọ́ àti ẹ̀wà kún un, kí ó sì jáwọ́ nínú ọtí ẹlẹ́rìndòdò. Bí dókítà bá pàṣẹ abẹ́rẹ́ insulin, kì í ṣe pé àìsàn ti bọ́ sórí. Insulin kì í dé ọ̀dọ̀ ọmọ láti ṣe é ní jàǹbá.

Àwọn àrùn tí ìyá lè kó ran ọmọ

Mẹ́ta ni a máa ń wá: kòkòrò HIV, àrùn sífílíìsì, àti mẹ́dọ̀wú tí a ń pè ní hepatitis B. Kò sí èyí tí ó fi hàn pé ìyá jẹ́ oníwàkuwà, kò sì sí èyí tí kò ní ohun tí a lè ṣe sí i.

Bí ìyá tí ó ní HIV kò bá gba ìtọ́jú kankan, nínú ọgọ́rùn-ún ọmọ, 15 sí 45 ni ó lè kó o. Bí ìyá bá ń lo oògùn lójoojúmọ́, tí ọmọ náà sì gba tirẹ̀ lẹ́yìn ìbí, wọn kì í tó 5. Irú ìyá bẹ́ẹ̀ lè fún ọmọ lọ́yàn pẹ̀lú. Abẹ́rẹ́ pẹnisílínì ni ó ń wo sífílíìsì, ṣùgbọ́n ọkọ gbọ́dọ̀ gbà á pẹ̀lú, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, àrùn yóò padà. Ní ti mẹ́dọ̀wú, kí ọmọ gba abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀ láàárín wákàtí 24 tí a bí i.

Ọ̀rọ̀ fún agbẹ̀bí

1. Kí ìyá jókòó sinmi fún ìṣẹ́jú márùn-ún kí ẹ tó wọn ìfúnpá rẹ̀. Kí ẹ̀yìn rẹ̀ fara ti àga, kí apá rẹ̀ sì wà ní ìbámu pẹ̀lú àyà. Bí ó bá ga, ẹ tún un wọ̀n.
2. Bí ìfúnpá bá tó 160 lórí 110, ẹ má ṣe ní kí ó padà wá lọ́la. Ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀. Bí àrùn tí ó ń fa gìrì bá ti le, tàbí tí gìrì ti mú un, kí ẹni tí a ti kọ́ fún un ní abẹ́rẹ́ magnesium sulphate kí ọkọ̀ tó gbéra. Ìwádìí ńlá tí èsì rẹ̀ jáde ní 2002 fi hàn pé oògùn yìí dín ewu gìrì kù sí ìlàjì.
3. Ẹ sọ èsì fún ìyá nìkan, níbi tí ẹlòmíràn kò ti lè gbọ́. Ẹ má pe orúkọ àrùn láàárín èrò. Ìyá tí ojú bá tì lẹ́ẹ̀kan lè má padà wá mọ́.
4. Ẹ má sọ pé “ó dára” tàbí “kò dára” lásán. Ẹ sọ ohun tí èsì túmọ̀ sí, ohun tí a ó ṣe, àti ọjọ́ tí yóò padà wá. Kí ẹ sì kọ ọ́ sínú káàdì.
5. Ẹ̀yin agbẹ̀bí ilé àdúrà àti ti ìbílẹ̀, ẹ béèrè káàdì lọ́wọ́ ìyá kí ẹ tó gbà á. Àdúrà àti àyẹ̀wò kì í jà.

Àmì tí kò gbọdọ̀ dúró di ọ̀la

Orí fífọ́ tí kò lọ, ojú tí ń ṣe bàìbàì, ìrora ní abẹ́ àyà, ojú àti ọwọ́ wíwú, gìrì, ẹ̀jẹ̀ tàbí omi tí ń dà lójú ara, ara gbígbóná, ojú pípọ́n bí epo, èémí tí kò délẹ̀, ọmọ tí kò yí mọ́ nínú. Bí ẹ bá rí ọ̀kan nínú wọn, ẹ gbéra lóru tàbí lọ́sàn-án. Kí ẹ ti bá ọlọ́kọ̀ sọ̀rọ̀ sílẹ̀, kí owó díẹ̀ sì wà nípamọ́ fún un.

Ẹ̀yin ọkọ, bí ìwé yìí bá bọ́ sí yín lọ́wọ́, ẹ tẹ̀lé ìyàwó yín wá, kí ẹ̀yin náà sì ṣe àyẹ̀wò. Ẹ̀yin ìyá, ẹ tọ́jú káàdì yín bí ẹ ti ń tọ́jú owó. A gbàdúrà pé ní ọjọ́ ìkúnlẹ̀, a ó gbọ́ ohùn ìyá, a ó gbọ́ ohùn ọmọ.